Òdòdó Tiare Tahiti: Bí Ẹ Ṣe Máa Gbìn Ín, Tí Ẹ Máa Já A, Tí Ẹ sì Máa Fi Ṣe Òróró Ìpara

Òórùn òdòdó tiare kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìrudi tó bá là lónìí, tó funfun báláú, kò ní pẹ́ tí yóò fi di pupa rúsúrúsú kó sì rọ. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ará Tahiti, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, fi ń lo òdòdó yìí, ọgbọ́n ká tètè mú un ni: ká já a kó tó là, ká rì í sínú òróró kó tó rọ. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ yìí mú, ìyókù kò ní ṣòro fún un.

Igi kékeré ni tiare, kì í sábà ga ju mítà mẹ́rin lọ. Gardenia taitensis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Candolle ará Geneva ló fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ní 1830. Ìdílé kan náà ni òun àti kọfí wà, àti orúwo tiwa tí a máa ń se àgbo rẹ̀ fún ibà. Bí ẹ bá ti wo ẹ̀ka orúwo rí, tí ewé rẹ̀ ń jáde ní méjì-méjì tó dojú kọra, ẹ ti mọ bí ewé tiare ṣe ń jáde. Ewé náà dúdú mìnìjọ̀, ó sì ń dán. Òdòdó rẹ̀ máa ń ní àwẹ́ márùn-ún sí mẹ́sàn-án, gbogbo wọn á tẹ̀ sí apá kan náà, á dà bíi pé atẹ́gùn fẹ́ yí wọn.

Etí òkun ló mọ̀ ọ́n gbé. Ilẹ̀ tí òkúta iyùn ti fọ́ di iyanrìn, tí atẹ́gùn oníyọ̀ ń fẹ́ sí tọ̀sán-tòru, ibẹ̀ ló ń rẹwà sí. Síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ bíbí Tahiti. Àwọn awakọ̀ ojú omi Polynesia ló gbé e wá láti àwọn erékùṣù tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, wọ́n gbé e wá pẹ̀lú àwọn ohun ọ̀gbìn míì tí wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀ nílé. Ní Tonga, siale ni wọ́n ń pè é. Ní erékùṣù Cook, tiare Māori. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè ní erékùṣù Cook àti ní Polynesia tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé, tí Tahiti jẹ́ erékùṣù tó tóbi jù nínú rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ wọn ya òdòdó náà sí ìrù rẹ̀, wọ́n sì máa ń fún èrò ní ìrudi kan bí wọ́n bá ti wọlé sínú ọkọ̀.

Ẹ má ṣi igi mú

Òdòdó méjì wà tí àwọn èèyàn máa ń fi pe tiare. Èkíní ni gardenia tí àwọn olóòdòdó ń tà káàkiri ayé, Gardenia jasminoides, èyí tí àwẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ lé ara wọn gìdìgbà. Òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti tiare, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ, igi rẹ̀ kò sì fẹ́ràn ilẹ̀ oníyọ̀ rárá. Ẹni tí kò bá rí tiare lè lò ó fún òróró tí a fẹ́ ṣe yìí, yóò sì dùn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni.

Èkejì ni tiare apetahi. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe ìbátan. Òkè Temehani ní erékùṣù Raiatea nìkan ló ń hù sí ní gbogbo ayé, àwẹ́ márùn-ún òdòdó rẹ̀ sì wà ní apá kan ṣoṣo bí ìka ọwọ́ tí a tẹ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, òfin sì ń dáàbò bò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá tà fún yín, ẹ má rà á.

Gbígbìn

Tiare kì í sábà so èso ní Tahiti, torí náà ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn. Ẹ wá ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù, tí kò sì tíì gbó di igi líle, kó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e lábẹ́ oríkèé tí ewé ti yọ, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ sì gé ewé òkè tó kù sí ìdajì kí omi má baà máa gba ara wọn jáde jù. Ẹ ki ẹ̀ka náà bọ inú iyanrìn tí ẹ ti po mọ́ èèpo ìta àgbọn tí a gún kúnná. Ẹ bo ìkòkò náà pẹ̀lú ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji. Kó máa tutù, àmọ́ kó má máa rin gbingbin. Láàárín oṣù kan sí méjì, bí ẹ bá fà á díẹ̀ tí kò tẹ̀lé yín, ó ti ta gbòǹgbò nìyẹn.

Oòrùn ló ń fẹ́ lẹ́yìn náà, oòrùn gidi. Abẹ́ igi ńlá kọ́ ni ká gbìn ín sí. Yóò hu ewé rẹpẹtẹ, kò ní yọ òdòdó tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí náà kò bá a lára mu. Bí ewé rẹ̀ bá ń pọ́n tí iṣan inú ewé ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, irin ni ilẹ̀ náà kò ní tó. Bí ẹ bá rí ohun dúdú bíi èédú lójú ewé, ẹ yí ewé náà padà: àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa oje rẹ̀ ẹ máa bá lábẹ́, èèrà á sì máa lọ bọ̀ láàárín wọn nítorí omi dídùn tí wọ́n ń yọ. Omi ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ tún nù ún lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Orí ẹ̀ka tuntun ni ìrudi ti ń jáde, torí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa rẹ́ igi náà. Ẹni tó bá rẹ́ gbogbo orí ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan náà ti rẹ́ òdòdó oṣù mélòó kan dànù.

Jíjá

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń já a, kí oòrùn tó mú. Ìrudi tí ẹ ń wá ni èyí tó ti gùn, tó ti funfun látòkè délẹ̀, tó sì ti ki, àmọ́ tí àwọn àwẹ́ rẹ̀ ṣì lọ́ mọ́ra wọn. Èyí tí orí rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé kò tíì tó já; bí ẹ bá já a, kò ní là mọ́, òórùn rẹ̀ kò sì ní jáde. Èyí tó ti là tán lórí igi dára fún etí àti fún adé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n fún òróró, ó ti ná púpọ̀ nínú òórùn rẹ̀ fún atẹ́gùn.

Ẹ fi orí ìka méjì mú un nídìí, kí ẹ yí i díẹ̀, yóò já. Ẹ má tẹ àwẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìka bá ti tẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n.

Bí ó bá jẹ́ pé ara lẹ fẹ́ fi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ fi ewé tútù wé ìrudi náà kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, ó lè dúró títí di ọjọ́ kejì, á sì là bí ooru bá ti kàn án. Bí ó bá jẹ́ ti òróró, omi ò gbọdọ̀ kàn án rárá.

Monoï: òróró tiare

Monoï ni wọ́n ń pe òróró yìí. Ó ní òfin tirẹ̀. Láti 1992 ni ìjọba Faransé ti dáàbò bo orúkọ Monoï de Tahiti bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo orúkọ wáìnì wọn. Àgbọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Polynesia Faransé, tó hù lórí ilẹ̀ iyùn. Tiare gbọ́dọ̀ jẹ́ ìrudi, kí wọ́n yọ irun inú rẹ̀ kúrò, kó sì wọ inú òróró kí ọjọ́ kan tó kọjá lẹ́yìn tí wọ́n já a. Ó kéré tán, ìrudi 10 sí lítà òróró kan. Ó kéré tán, ọjọ́ 10 nínú òróró. Ìyẹn ni ti ilé iṣẹ́. Nílé, ìrudi 10 sí lítà kan ti kéré jù lójú tèmi. Ẹ má ṣahun.

Ẹni tó bá ti ṣe àdí àgbọn rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

Ìgbésẹ̀ kìíní, òróró. Ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti sẹ́ mọ́, tí kò ní òórùn tirẹ̀ mọ́. Òun ni mo fara mọ́ jù, torí pé òórùn òdòdó nìkan lẹ máa gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fúnra yín ṣe é, ẹ rin àgbọn tó gbó, ẹ fún wàrà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ bu ohun tó léfòó sínú ìkòkò, kí ẹ sì gbé e ka iná kékeré. Yóò kọ́kọ́ hó bí ọbẹ̀. Nígbà tó bá yá, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, á sì máa ta tá-tá-tá. Ariwo yẹn, omi ló ń pariwo. Ẹ dúró tì í títí ariwo náà fi máa dákẹ́, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ìpẹ̀tẹ́ ìsàlẹ̀ tó jóná. Òróró tó bá ti gbóòórùn iná, kò sí òdòdó tó lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì, òdòdó. Ẹ já ibi tó jẹ́ àwọ̀ ewé nídìí ìrudi náà kúrò, kí ẹ yọ irun inú rẹ̀. Ẹ tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun níbi tí oòrùn kò dé, fún bíi wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí omi ara wọn lè dín kù. Wọ́n á rọ̀ díẹ̀. Bí etí wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ ti jẹ́ kó pẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ìgò. Ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ sì ti sá sóòrùn títí kò fi sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Bí ìlú bá tutù, òróró àgbọn á dì; ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́. Ẹ gbé abọ́ òróró náà sínú omi gbígbóná kó yọ́, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná tó ohun tí yóò jó ìka yín. Òróró gbígbóná á se òdòdó ni, oúnjẹ sì kọ́ là ń sè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ kó òdòdó sínú ìgò, ẹ da òróró lé e títí yóò fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ibi yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́: àwẹ́ tó bá yọ orí síta, ó máa bu, bó bá sì ti bu, ó kó ran gbogbo ìgò. Ẹ fi ṣíbí tó gbẹ tì wọ́n sísàlẹ̀ lóròòwúrọ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi bo ẹnu ìgò, kí ooru omi rí ibi jáde gbà. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ dé e. Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí oòrùn kò ti ń tàn sí i gan-an ló dára jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kó òdòdó náà jáde. Ẹ má fún un o! Omi inú rẹ̀ lẹ máa fún sínú òróró. Ẹ jẹ́ kó ro tán lórí asẹ́, kí ẹ dà á nù, kí ẹ kó òdòdó tuntun sínú òróró kan náà. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó kéré tán ọjọ́ 10 fi máa pé. Àtúnṣe yìí ni àṣírí òróró tó ń ta sánsán. Ẹni tó kó òdòdó sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òróró tó kàn ń rántí òdòdó ló máa rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó tòrò mọ́jú. Bí omi bá kù nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa lọ. Ẹ rọra da òróró òkè sínú ìgò tuntun, kí ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ká lè mọ̀ dájú, ẹ kán díẹ̀ sínú páànù gbígbóná: bó bá ta tá-tá, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò tó dúdú. Òdòdó kan ṣoṣo tí ẹ máa ń rí nínú ìgò tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹwà ló wà fún. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ sá tirẹ̀ gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó fi sí i.

Bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń ṣe é

Kí ilé iṣẹ́ tó dé, kò sí iná nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Wọ́n á rin àgbọn tó gbó dáadáa sínú umete, ọpọ́n tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi. Wọ́n á po òdòdó tiare mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá akàn kékeré tó máa ń gbé inú ìkarahun ìgbín òkun, wọ́n á gún ibi ìdí rẹ̀ tó rọ̀, wọ́n á sì pò ó mọ́ àgbọn náà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á yínmú. Àmọ́ kì í ṣe àsán: ohun tí akàn fi ń da oúnjẹ nínú ara rẹ̀ ló ń tú àgbọn náà, tí òróró fi ń rọ́nà jáde láìsí iná. Wọ́n á gbé ọpọ́n sóòrùn láàárọ̀, wọ́n á rò ó, wọ́n á bò ó lálẹ́ kí ìrì má baà sẹ̀ sí i. Bó bá ṣe ọjọ́ mélòó kan, òróró á ti máa sun yí èérí àgbọn ká, wọ́n á wá fún un. Iná kò kàn án, torí náà òórùn òdòdó kò ṣègbé.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ mú ọ̀nà ti ìgò ná. Ọ̀nà ọpọ́n yìí ń fẹ́ ẹni tó ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí oòrùn bá kọ̀ tí òjò dé lọ́jọ́ kejì, àgbọn á kan, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Ní erékùṣù Marquesas, òróró nìkan kò tẹ́ àwọn obìnrin lọ́rùn. Wọ́n ní ìdìpọ̀ olóòórùn kan tí wọ́n ń pè ní kumu hei, tí wọ́n máa ń dì mọ́ irun: ìbátan ẹfinrin wà nínú rẹ̀, òdòdó ylang-ylang wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun igi sandal náà, àti ewé míntì. Ẹni tó dì í sórí, òórùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé.

Ohun tí wọ́n ń fi òróró náà ṣe

Irun ni àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń fi sí i lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, wọ́n á fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Wọ́n ń fi pa ọmọ jòjòló lára lẹ́yìn ìwẹ̀, àwọn tó mọ ara fọwọ́ ra sì ń lò ó fún iṣẹ́ wọn, taurumi ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Apẹja àti awakọ̀ ń fi para kí iyọ̀ òkun àti atẹ́gùn má baà gé wọn lára. Láyé àtijọ́, wọ́n ń lo òróró olóòórùn nínú ààtò ìsìn ní marae, ìyẹn ojúbọ wọn, wọ́n sì ń fi pa òkú àwọn ìjòyè lára kó má baà tètè bàjẹ́. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tún máa ń lo òdòdó náà fún ẹ̀fọ́rí, àmọ́ mímu rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ máa kọ́ nínú ìtọ́sọ́nà bí èyí.

Ohun tí kò lè ṣe ni pé kò lè dí oòrùn lọ́nà. Àwọn tó ń fi monoï para tí wọ́n sì ń sùn sí etí òkun kí awọ wọn lè pọ́n, ara wọn ni wọ́n ń dín. Ẹ kán an sí ẹ̀yìn apá lákọ̀ọ́kọ́, ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ wo bóyá ara á yún yín. Ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń yọ irorẹ́ kó fi mọ sí ara àti irun. Òróró àgbọn máa ń dí ihò awọ.

Etí àti ọrùn

Ọkùnrin àti obìnrin ló ń fi tiare sétí. Ìrudi tí kò tíì là ni ti ọkùnrin, á máa là díẹ̀díẹ̀ létí rẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Èyí tó ti là ni ti obìnrin. Etí òsì, níbi tí ọkàn wà, ń sọ pé a ti ní ẹni tiwa. Etí ọ̀tún ń sọ pé àyè ṣì wà. Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ ronú kí ẹ tó fi sí i.

Fún ẹ̀gbà ọrùn, tí wọ́n ń pè ní hei, ìrudi tó fẹ́ là ni kí ẹ sin. Abẹ́rẹ́ gígùn lẹ máa gbà wọ inú ọrùn òdòdó láti ìdí, kí ẹ jẹ́ kó gba àárín jáde. Okùn tí wọ́n ń bó lára igi purau ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Òwú ìránṣọ náà tó. Kí òdòdó fara kan ara wọn, àmọ́ kí ẹ má fún wọn pọ̀, torí wọ́n ṣì máa là lórí okùn, wọ́n á sì ń fẹ́ àyè. Òdòdó ni wọ́n fi ń pàdé àlejò tó ń bọ̀. Ẹni tó ń lọ, ẹ̀gbà ìkarahun ni wọ́n ń fi kọ́ ọ lọ́rùn, torí òun kì í rọ.

Bí ẹ bá fẹ́ máa ta òróró tí ẹ ṣe, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an sára ìgò, òróró àgbọn àti irú òdòdó tí ẹ lò, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má kọ Monoï de Tahiti sí i, bó ti wù kó dára tó. Orúkọ yẹn ní ẹni tó ni ín. Bí ìgò kan bá sì ti ń rùn bí òróró tó ti kan, ẹ má gbìyànjú láti fi òdòdó tuntun bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ dà á nù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àgbọn.